Báwo ni mo ṣe lè dán háàdì dísìkì àlòkù wò kí n tó kó ohùn àwọn àgbà sí i?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àjàṣẹ́ ni mo wà. Mo ra Seagate 4TB méjì tí wọ́n tún ṣe, fún server ilé. Ohùn àwọn àgbà ẹbí wa ni mo fẹ́ tọ́jú síbẹ̀, mi ò sì fẹ́ kó sọnù láéláé.

Power_On_Hours (òǹkà wákàtí tí dísìkì ti fi ṣiṣẹ́) ń sọ pé wákàtí 12 péré ni, bẹ́ẹ̀ ẹnu ibi tí wáyà ń wọ̀ ti ha yánnayànna. Ṣé "smartctl -l farm", àṣẹ tó ń ka àkọsílẹ̀ tí Seagate fúnra rẹ̀ ń pa mọ́ sínú dísìkì, á tú àṣírí rẹ̀?

Mo tún fẹ́ ṣe "badblocks -w", kó kọ gbogbo rẹ̀ kó sì kà á padà. Ọjọ́ mélòó kan nìyẹn, iná wa kì í sì í dúró. Bí iná bá lọ láàárín, ṣé mo lè máa bá a lọ láti ibi tó dé, àbí "smartctl -t long" (àyẹ̀wò gígùn tí dísìkì ń ṣe fún ara rẹ̀) nìkan ti tó? Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá ti ṣe é rí dá mi lóhùn.