Ọ̀nà wo ni a fi ń mọ̀ pé òkúta ti bọ́ sí ọ̀nà òróòro kí a tó yọ àpò òróòro?

Olùbéèrè, Òkè-Àdó:
Mo kí gbogbo ilé o. Àbúrò mi ọkùnrin, ẹni ọdún 24 tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ níbí ní Ìbàdàn láti yọ àpò òróòro rẹ̀, nítorí pé òkúta tó wà nínú rẹ̀ ń dà á láàmú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sọ pé bilirubin rẹ̀ (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń mú ojú pọ́n) jẹ́ 5 mg/dL. Sikáànù ní ọ̀nà òróòro fẹ̀ tó mílímítà 5, wọn kò sì rí òkúta níbẹ̀. Àwọn kan nínú ẹbí ní kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ERCP (kíki ọ̀pá oníkámẹ́rà gba ẹnu lọ síbi ọ̀nà òróòro láti yọ òkúta) kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ?

Dókítà oníṣẹ́ abẹ, Ìbàdàn:
Ẹ kú ìtọ́jú àbúrò yín. Nínú 100 ènìyàn tí òkúta àpò òróòro ń yọ lẹ́nu, bíi 10 sí 20 ló ń ní òmíràn nínú ọ̀nà òróòro. Ìlànà tí ASGE, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń fi ọ̀pá oníkámẹ́rà wo inú ara ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2019 ni èmi ń tẹ̀ lé. Bí àwòrán bá fi òkúta náà hàn, tàbí bí kòkòrò àrùn bá ti wọ ọ̀nà òróòro, tàbí bí bilirubin bá ju 4 mg/dL lọ tí ọ̀nà náà sì fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ, ìfura lágbára, ERCP sì tọ́. Ẹ kíyè sí i pé méjèèjì tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn gbọ́dọ̀ jọ wà ni. Ọ̀kan péré ni àbúrò yín ní. Ẹni tí ìfura tirẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, àwòrán MRCP (èyí tí ẹ̀rọ MRI ń yà láìki nǹkan kan bọ ọ̀nà òróòro) tàbí èyí tí a ń yà lásìkò iṣẹ́ abẹ ló yẹ ẹ́. ERCP kì í ṣe ohun tí a fi ń wo inú lásán, nítorí pé nínú 100 ènìyàn tí a bá ṣe é fún, pancreas (ẹ̀yà inú tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ) àwọn bíi 3 sí 10 lè wú.

Onímọ̀ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, Bódìjà:
Ẹ jẹ́ kí n fi kún un, nítorí pé ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀jẹ̀ pupa ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde kì í pẹ́ kó tó fọ́, bilirubin sì ń ti ara èyí tó fọ́ jáde, tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi lè pọ́n díẹ̀ nígbà tí ohunkóhun kò dí ọ̀nà òróòro. Àròpọ̀ 5 yẹn nìkan kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ẹ wo ìwé èsì náà: lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ "total" sí, ẹ ó rí "direct", ìyẹn bilirubin tí ẹ̀dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Bí direct bá kéré, ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ́ ló fa èyí tó pọ̀ jù; bí ó bá ga, ìdínà ni kí ẹ fura sí. ALP, èròjà ẹ̀jẹ̀ tó máa ń ga bí ọ̀nà òróòro bá dí, nìkan kò tó ẹ̀rí, nítorí pé egungun náà lè gbé e sókè. GGT, èròjà mìíràn tó máa ń ga bí ọ̀nà òróòro bá dí, kì í ti ara egungun wá, nítorí náà ẹ bèèrè rẹ̀. Ẹ yẹ ìwọ̀n wò pẹ̀lú, torí pé ilé àyẹ̀wò mìíràn ń lo µmol/L, níbi tí 4 mg/dL ti jẹ́ nǹkan bíi 68.

Olùbéèrè, Òkè-Àdó:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti wo ìwé náà: direct jẹ́ 0.7, ALP àti GGT kò sì ga. Ṣé a lè fọkàn balẹ̀ pátápátá?

Dókítà oníṣẹ́ abẹ, Ìbàdàn:
Inú mi dùn sí èsì yìí. N kò rí ìdí ERCP nínú rẹ̀. Síbẹ̀, òkúta ọ̀nà òróòro lè bọ́ mọ́ sikáànù orí ikùn lójú, pàápàá nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ inú ìfun ti ń bò ó. Ẹ bi dókítà yín bóyá wọn yóò ya àwòrán ọ̀nà náà lásìkò iṣẹ́ abẹ, kí ẹ sì ní kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò nígbà tí ọjọ́ bá sún mọ́, nítorí pé òkúta lè kúrò nínú àpò nígbàkigbà. Bí ìtọ̀ rẹ̀ bá pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tí ìgbẹ́ ń funfun, tàbí tí ibà àti gbígbọ̀n bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró de ọjọ́ iṣẹ́ abẹ; ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.