Ẹja òkun alámì búlúù yìí, ṣé mo lè sìn ín nínú pọ́ńdù?

Ìyá Ẹlẹ́ja Mọ́níyà: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Lánàá mo ra ẹja kan ní kóòdù rúùmù ní Bódìjà, ara ẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ bíi píǹkì, àmì búlúù wínníwínní kún ẹ̀yìn ẹ̀, ẹni tó tà á fún mi ní sea bream ló ń jẹ́. Mo la ẹnu ẹ̀, eyín iwájú mú ṣóńṣó, ti ẹ̀yìn wá rí róbótó bí ẹ̀wà tí wọ́n tò, ìgbà tí mo máa la ikùn ẹ̀ èérún ìkarahun ni mo bá níbẹ̀! Ó dùn gan-an. Pọ́ńdù ẹja àrọ̀ méjì ni mo ní, lítà 10,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan, omi bọ́hòlù, ṣé mo lè wá ọmọ ẹ̀ sínú ọ̀kan?

Bàbá Apẹ̀tẹ̀: Ẹ má dán an wò o, owó yín á wọgbó. Bẹ́ ẹ ṣe ṣàpèjúwe ẹ̀ yẹn, ó jọ Pagrus caeruleostictus, ẹja etí òkun ni, láti Pọtogí títí dé Àǹgólà, tiwa náà wà ńbẹ̀. Ìsàlẹ̀ omi tí àpáta àti òkúta wà ló ń gbé torí ibẹ̀ ni oúnjẹ ẹ̀ wà, eyín ẹ̀yìn yẹn ló fi ń rún ìkarahun kó tó jẹ ẹran inú ẹ̀. Ọmọ ẹ̀ máa ń wà nítòsí èbúté, èyí tó bá ti dàgbà á wọnú lọ, ó lè jìn tó 200 mítà.

Ìyá Ẹlẹ́ja Mọ́níyà: Ẹ ṣé sà. Tí mo bá da iyọ̀ sómi ńkọ́?

Ọmọ Fíṣíńrì: Màmá, iyọ̀ òkun tó gíráàmù 35 nínú lítà kan. Pọ́ńdù yín á gba kílò 350, àpò oní-kílò 50 méje nìyẹn, tẹ́ ẹ bá sì pààrọ̀ omi ẹ tún máa ra òmíì, omi tẹ́ ẹ dà nù á tún pa gbágùúdá aládùúgbò. Tí ò bá sì síyọ̀, omi á kàn máa wọ ara ẹja yẹn ni, iyọ̀ ara ẹ̀ á máa jáde títí á fi kú. Ìbátan ẹ̀ tí wọ́n ń sìn ní Gíríìsì àti Tọ́kì, Sparus aurata, tó ní ilà góòlù láàárín ojú, inú àwọ̀n nínú òkun gan-an ni wọ́n ti ń sìn ín. Ìyẹn tiẹ̀ yà mí lẹ́nu, akọ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń jẹ́, tí wọ́n bá dàgbà ọ̀pọ̀ á wá di abo.

Ìyá Ẹlẹ́ja Mọ́níyà: Háà! Akọ di abo kẹ̀? Ó dáa, ẹja àrọ̀ mi ni màá sìn. Ẹ wá sọ fún mi, kí ni mo lè máa wò lára ẹ̀ tí màá fi mọ̀ pé kò tíì pẹ́ ní kóòdù rúùmù?