Ẹ̀rọ yìnyín àdúgbò wa ní Ọ̀fà: kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ ni ká pààrọ̀ ni àbí kọ̀ńdẹ́nsà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iṣẹ́ fíríjì. Àdúgbò wa ní ẹ̀rọ yìnyín kékeré kan tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja ọjà Owódé gbẹ́kẹ̀ lé. Inú agolo onírin la ń bu omi sí, a ó wá ki agolo bọ inú táǹkì omi iyọ̀. Nígbà ọyẹ́, omi iyọ̀ yẹn máa ń tutù dé ìwọ̀n 10 nísàlẹ̀ òdo, yìnyín á sì dì láàárín wákàtí 13. Láti ìgbà tí ooru ti mú, kò kọjá 6 mọ́. Lẹ́yìn wákàtí 20, omi ṣì wà láàárín yìnyín. Ẹja ń bàjẹ́ mọ́ àwọn ìyá wa lọ́wọ́, ó sì ń dùn mí gan-an.

A ti fi iyọ̀ kún omi inú táǹkì, a fọ kọ̀ńdẹ́nsà (ibi tí gáàsì ti ń tú ooru rẹ̀ síta), a pààrọ̀ fáànù rẹ̀. Oníṣẹ́ fíríjì wo gáàsì, ó ní ó pé. Atẹ́gùn ló ń tu kọ̀ńdẹ́nsà náà lára, yàrá tó wà kò sì ní ju fèrèsé kékeré kan lọ.

Owó tá a dá jọ kò lè ra ju ohun kan lọ. Oníṣẹ́ ní ká ra kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ ńlá, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì pọ̀ tó sì ń tì í kiri. Lójú tèmi, bí ooru kò bá ráyè jáde, kọ̀ǹpirẹ́sọ̀ ńlá á kàn fi kún un ni. Kọ̀ńdẹ́nsà olómi, èyí tí omi ń tù lára dípò atẹ́gùn, ni mo fẹ́, nítorí kànga wa kì í gbẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wọ̀n kí n tó sanwó, tí yóò fi hàn mí èwo nínú méjèèjì ló ń fà wá sẹ́yìn?