Ògiri Amọ̀ Pupa Okonkwo

Nígbà tí a ka Things Fall Apart tí Chinua Achebe kọ ní ọdún 1958 nínú ẹgbẹ́ ìkàwé wa, ìbínú Okonkwo, olórí ẹ̀dá-ìtàn inú ìwé náà, ni gbogbo ènìyàn ń sọ, ṣùgbọ́n ògiri agbo-ilé rẹ̀ ni ó gba èmi lọ́kàn. Inú ilé alámọ̀ ni mo gbé dàgbà lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń tún irú ògiri bẹ́ẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn òjò kí ó má baà wó.

Ògiri amọ̀ pupa tí ó nípọn ni ó yí agbo-ilé Okonkwo ká. Ẹnu-ọ̀nà kan ṣoṣo ni ó ní, obi, ìyẹn ilé tí baálé fúnra rẹ̀ ń gbé, ni ènìyàn yóò sì kọ́kọ́ kàn kí ó tó dé ilé àwọn ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà lẹ́yìn. Ta ni yóò wọlé tí baálé kò ní rí i? Ọkùnrin tí ó ń fẹ́ kí ohun gbogbo wà ní ìkáwọ́ òun ni ó kọ́ ilé yìí.

Nígbà tí ìbọn rẹ̀ ṣèèṣì pa ọmọ Ezeudu, àgbà kan ní ìlú rẹ̀, tí ó sì sá lọ sí Mbanta, ìlú ìyá rẹ̀, fún ọdún 7, àwọn ọkùnrin àdúgbò Ezeudu wó ògiri náà, wọ́n sì dáná sun ilé rẹ̀. Obierika, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, wà lára wọn. Achebe sọ pé kò sí ìkórìíra lọ́kàn wọn. Ani, òrìṣà ilẹ̀, ni wọ́n ń jẹ́ iṣẹ́ fún.

Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín wa. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ní àpèjúwe lásán ni ògiri náà, nítorí pé ilé amọ̀ ni àwọn Ìgbò ń kọ́ nígbà náà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni amọ̀ bí kò ṣe ilẹ̀? Ilẹ̀ yìí kan náà ni Okonkwo ṣẹ̀ nígbà tí ó lu ìyàwó rẹ̀ nínú Ọ̀sẹ̀ Àlàáfíà, ọ̀sẹ̀ tí ìjà jẹ́ èèwọ̀ nítorí Ani. Amọ̀ pupa kan náà ni Ọ̀gbẹ́ni Brown, òyìnbó ajíhìnrere, fi kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní Umuofia, ìlú Okonkwo, èyí tí àwọn egwugwu, ìyẹn àwọn eégún ìlú, sọ di eérú.

Mo wá tọ́ka sí òpin ìwé náà, níbi tí Obierika ti mú kọmíṣọ́nà, òyìnbó tí ó ń ṣàkóso àgbègbè náà, gba ẹ̀bá ògiri tí a ti tún mọ lọ sí inú igbó ẹ̀yìn agbo-ilé, níbi tí Okonkwo pokùnso sí. Ihò kan ṣoṣo tí ó ti inú ilé já sí igbó náà, ihò adìẹ ni; ènìyàn kò lè gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó mọ ògiri yí ara rẹ̀ ká kú sí ẹ̀yìn rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kan òkú rẹ̀, nítorí pé ó ti ba ilẹ̀ jẹ́. Ọmọ ẹgbẹ́ wa náà ní kí n má ṣe sọ adìẹ di àmì. Mo fi adìẹ sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n n kò fi ògiri sílẹ̀.