Ẹ gbà mí lámọ̀ràn: third class ni mo ní, iṣẹ́ dókítà ló sì wà lọ́kàn mi

Ọmọ Aláṣọ: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Microbiology ni mo kà, third class ni mo gbé jáde. Kì í ṣe pé mo ya ọ̀lẹ o. Ilé tí mò ń gbé kò níná, olùkọ́ kan wà tí kò fẹ́ rí mi sójú, ìyanṣẹ́lódì ọdún 2022 tún gba oṣù mẹ́jọ lọ́wọ́ wa. Bí a ṣe wọlé padà, ìdánwò ló pàdé wa. Mo ti ṣe agùnbánirọ̀ tán, kẹ́míìsì ni mo ti ń bá wọn ta oògùn báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọ àdúgbò wa kan, tí èmi fúnra mi kọ́ ní kẹ́mísírì, wọ kóòtù funfun wá ra Panadol lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Àǹtí, ṣé ibí lẹ ṣì wà?" Mi ò lè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ṣé mo ṣì lè padà lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà?

Ìyá Ìbejì: Ó ṣeé ṣe, ọmọ mi. Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́? Ṣé o ti lọ́kọ? Ta ni yóò máa sanwó?

Baba Olóyè: Direct Entry ni kó ṣe! 200 level ló máa bọ́ sí tààrà.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Ta ni yóò fi third class gbà á sí ìṣègùn? Àwọn tó ní second class upper gan-an ń du àyè. MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, ló ń sọ iye akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lè gbà. JAMB ni kó lọ ṣe bí ọmọ tuntun: Gẹ̀ẹ́sì, báọ́lọ́jì, kẹ́mísírì, fisíìsì.

Baba Olóyè: Àbúrò ìyàwó mi fi Direct Entry wọlé.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Kí ló gbé jáde, sà?

Baba Olóyè: First class. Ṣùgbọ́n Direct Entry náà ṣá ni!

Akin London: Níbí náà, 2:1, ìyẹn second class upper, ni ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ìṣègùn ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti gboyè. Èmi náà gbèrò ẹ̀ nígbà kan, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo padà gbà.

Ìyá Ìbejì: Ọdún mẹ́fà ni o, tí kò bá sí ìyanṣẹ́. Lẹ́yìn náà housemanship, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ dókítà nílé ìwòsàn, ọdún kan. Ṣé o ò kúkú ní lọ ṣe nọ́ọ̀sì?

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Màmá, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe ààtàn tí wọ́n ń da ẹni tí ìṣègùn kọ̀ sí o!

Ọmọ Aláṣọ: Ẹ má jà nítorí mi. Màmá mi ní àwọn á sanwó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ̀rọ̀ third class, ẹ ò mọ ohun tí olùkọ́ yẹn fojú mi rí.

Akin London: Fi olùkọ́ sílẹ̀ ná. WAEC rẹ ńkọ́?

Ọmọ Aláṣọ: Kírẹ́díìtì mẹ́fà. A1 ni mo ní nínú báọ́lọ́jì.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Fisíìsì?

Ọmọ Aláṣọ: D7. Páàsì ni wọ́n gbà nígbà tí mo wọ microbiology, kò dí mi lọ́wọ́.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Háà! Láti àárọ̀! Kò sí kírẹ́díìtì fisíìsì, kò sí ìṣègùn nìyẹn, ìbáà jẹ́ 350 lo gbà nínú 400 ti JAMB. GCE tàbí NECO lo máa kọ́kọ́ kọ. Gbogbo márùn-ún, ìyẹn mẹ́rin ti JAMB yẹn àti ìṣirò, ni kó o tún kọ pọ̀, torí àwọn ilé-ìwé kan kì í gba èsì ìdánwò ìjókòó méjì fún ìṣègùn.

Ọmọ Aláṣọ: Ìṣirò inú fisíìsì yẹn ni mi ò fẹ́ràn. Ṣé wọn ò ní gbà mí ní Kùtọnu?

Baba Olóyè: Mo mọ ẹnì kan níbẹ̀ o.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́: Baba, ẹ rọra. Ẹni tó kọ́ ìṣègùn nílẹ̀ òkèèrè gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò MDCN kó tó lè ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà. Àbúrò, wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní fisíìsì ná, kí màmá rẹ tó tú àpò.

Ọmọ Aláṣọ: Ẹ ṣé, mà. Fọ́ọ̀mù GCE ti jáde àbí kò ì tíì jáde?