Orin wo ló kọ́kọ́ fi hàn yín pé ayé ti yí?

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ká jọ sọ ìrírí wa lórí ọ̀rọ̀ kan tó ti wà lọ́kàn mi tipẹ́: bí orin tó gbòde ṣe máa ń tú inú ará ìlú síta. Kì í ṣe ohun tí ẹ kà ni mo ń bèèrè o, ohun tójú yín rí, tétí yín gbọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi bẹ̀rẹ̀.

Ìsọ̀ àwo orin bàbá mi n'Ìbàdàn ni mo dàgbà sí. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì gbapò lọ́wọ́ àwo, èmi ni mo jókòó síbẹ̀. Oníbàárà kì í sábà dárúkọ àwo. Wọn á kọ ọ́ sí wa létí ni, bó tiẹ̀ ṣe ìlà kan péré, ohun tí wọ́n bá sì ń kọ lásìkò kan la fi ń mọ ibi tí ọkàn wọn wà.

Lọ́jọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, wọ́n ní ká kúrò lọ́wọ́ òsì, ká máa wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Ebenezer Obey fi kọrin. Oṣù kìíní ọdún 1973, náírà dé, ó tún fi kọrin. Owó Údójì, ìyẹn owó oṣù tí ìjọba fi kún ti òṣìṣẹ́, jáde, Àyìnlá Ọmọwúrà gbé e sórin. Ẹ wo irú ayé tíyẹn jẹ́: ìjọba ṣe nǹkan, olórin gbé e sẹ́nu bí akéde, àwa náà ń jó o lóde àríyá. Ẹnikẹ́ni ò bi olórin pé ta ló rán an. A gbà pé ìlú ń lọ síwájú, a sì fẹ́ máa gbọ́ ọ. Èmi ò tíì rí irú ìfọkàntán bẹ́ẹ̀ mọ́ látìgbà náà.

Kì í ṣe pé ohùn kan ṣoṣo là ń gbọ́ o. Fẹlá ti fi àwọn ṣọ́jà ṣẹ̀sín nínú "Zombie", nígbà tó sì di oṣù kejì ọdún 1977, ṣọ́jà ya wọ ilé rẹ̀ ní Kàlákútà, wọ́n dáná sun ún. Bàbá mi kì í gbé àwo yẹn síwájú ìsọ̀. Bí ẹni tí wọ́n mọ̀ bá bèèrè, abẹ́ káńtà ni wọ́n ti ń mú un jáde.

Ṣùgbọ́n ọdún 1989 ló yà mí lẹ́nu jù. SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Babangida gbé dé ní 1986, ti wọ eegun, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti ará ìlú sì tú síta lọ́dún yẹn láti bínú sí i. Ọdún yẹn kan náà ni Ṣínà Peters gbé "Ace" jáde. Lójú tèmi, orin arò ló yẹ kó tà nígbà náà. Orin arò kọ́ ló tà. Ijó ni, ìlù kíkan tí kò jẹ́ kéèyàn sinmi. Olùkọ́ kan wà tí wọn ò tíì sanwó oṣù fún. Ó máa ń yà lọ́dọ̀ mi nírọ̀lẹ́, báàgì lábẹ́ abíyá, bàtà rẹ̀ kún fún eruku. Kò ní ra nǹkan kan. Á dúró ti sípíkà, á máa mi èjìká díẹ̀díẹ̀, títí màá fi yí kásẹ́ẹ̀tì sí ojú kejì. Bí ojú kejì bá parí, á ní "Ó dàárọ̀ o," á máa lọ. Ara ọkùnrin yẹn ni mo ti mọ̀ pé orin kì í sọ ìyà tó ń jẹ wá nìkan, ó máa ń sọ ohun tí à ń wá. Ẹ̀yin ńkọ́?

* * *

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Onílù ni mí, gángan ni mò ń lù, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí a rí láàárín agbo. Ohun tí aláṣeyẹ bá ní ká kọ fún òun, èmi gbà pé ibẹ̀ ni òótọ́ wà, ju inú àwo lọ.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tí owó epo ṣì ń ṣàn, ohun tí wọ́n ní ni wọ́n ń fẹ́ ká kà: ilé tí wọ́n kọ́, mọ́tò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, ọmọ tó wà lókè òkun, ẹgbẹ́ tí wọ́n wà. Bí mo bá ti fi ìlù pe orúkọ bàbá ẹni náà, á dìde, á fa owó tuntun yọ, á máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀gá wa níwájú orí lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò ní kánjú, torí ó fẹ́ kí gbogbo èèyàn rí i.

Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1990, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Aláṣeyẹ á rọra tẹ̀ sí mi létí: "Onílù, bá mi sọ fún àwọn ọ̀tá mi pé mi ò kú." Wọ́n á ní ká fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, ká fi àdúrà parí. Obey fúnra rẹ̀ ti fi jùjú sílẹ̀ nígbà náà, ó ti di ajíhìnrere. A wá ń kọ orin ìyìn lóde tí ọtí ti ń ṣàn, kò sì sẹ́ni tó ní kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rù ló gba ìlú. Wọ́n ti wọ́gi lé ìbò June 12, 1993, iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ èèyàn, oògùn ò ṣeé rà mọ́. Òwe ọlá tí mo kọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ń dín kù lẹ́nu ìlù mi, òwe ìṣẹ́gun ló ń pọ̀ sí i. Kọ̀ǹgọ́ ọwọ́ mi ti mọ̀ kí èmi fúnra mi tó ronú sí i.

* * *

Mo gba ọ̀rọ̀ yín, ẹ̀gbọ́n onílù, àfi ibì kan. Ìbẹ̀rù ti wà nínú orin tipẹ́. Ìyá mi àgbà máa ń kọ orin inú "Yorùbá Ronú" tí Hubert Ògúndé ṣe ní 1964, èyí tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tìtorí rẹ̀ fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀. 1966, lábẹ́ ìjọba ológun, ni wọ́n tó mú òfin náà kúrò. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, bí ìyá bá ń kọ ọ́ nídìí iṣẹ́ wọn, tí àlejò bá wọlé, ohùn wọn á lọ sílẹ̀.

* * *

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín sọ tiẹ̀. Mo wà ní Lẹ́kí lóṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà EndSARS, ìwọ́de tí àwa ọ̀dọ́ fi ta ko ìwà ìkà àwọn ọlọ́pàá SARS. A kọ "FEM" tí Davido gbé jáde lóṣù kẹsàn-án ní àkọtúnkọ. Orin yẹn ò bá ọlọ́pàá wí rárá. Ìjà tiẹ̀ àti àwọn tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ kiri ni. Ṣùgbọ́n ìgbà tí èrò gbà á lẹ́nu rẹ̀, tiwa ló dà. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tó da àsíá Nàìjíríà bo èjìká. Ohùn ti há mọ́ ọn lọ́fun, ètè rẹ̀ nìkan ló ń mì, kò sì dákẹ́. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà pé olórin nìkan ló ń sọ inú ìlú. Ìgbà mìíràn, ìlú ló ń fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sínú orin ẹlòmíì. Lẹ́yìn náà ni Burna Boy gbé "20 10 20" jáde nítorí ìbọn tí àwọn ṣọ́jà yìn níbi ìwọ́de náà ní Lẹ́kí. Láàárín àwa ọ̀rẹ́, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ dópin láìsunkún.

* * *

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni tèmi. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, bí olórin jùjú bá lọ ṣeré ní Lọ́ńdọ̀nù, tó bá dé, á fi ìrìn àjò náà kọrin: àwọn tó gbà wọ́n lálejò, bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n dáadáa, kí Ọlọ́run mú àwọn tó kù lọ́hùn-ún délé. Àlọ wà níbẹ̀, àbọ̀ wà níbẹ̀. Ní 2018, Naira Marley kọ "Japa". Ọmọkùnrin mi ń kọ ọ́ kiri ilé nígbà tó ń kó ìwé rẹ̀ jọ, inú rẹ̀ ń dùn, èmi ni ọkàn mi ò balẹ̀. Orin sísá ni, mi ò gbọ́ àbọ̀ níbẹ̀.

Ó ti lọ báyìí. Mo bi í lórí fóònù pé ṣé orin bíbọ̀ wà nínú àwọn orin tuntun wọn. Ó fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tí ọmọkùnrin kan ti ń gbàdúrà kówó wọlé kó lè kọ́lé fún ìyá rẹ̀. Ó dùn mọ́ mi, ṣùgbọ́n ilé ni mo ní, ọmọ ni mò ń wá. Bí ẹnì kan nínú yín bá mọ orin àwọn ọmọ ìwòyí tó ń kí ẹni tó ti ìdálẹ̀ dé káàbọ̀, ẹ bá mi kọ orúkọ rẹ̀ síbí, mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí i.