Ojúde àjọṣeré: èrò mi lórí orúkọ tí a ó fún ibi ìṣeré tí gbogbo ọmọ yóò lè lò

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé kí ni kí a pe ibi ìṣeré ọmọdé tí a ṣe ní ọ̀nà tí ọmọ tí ó ń fẹsẹ̀ rìn, ọmọ tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ, ọmọ tí kò ríran àti ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ yóò fi lè ṣeré pọ̀ níbẹ̀, tí ó sì jẹ́ pé eré ilẹ̀ wa ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ ohun tí a kọ́ sínú rẹ̀. Orúkọ mẹ́ta ni a ti gbọ́: "ọgbà ìṣeré àwọn àkàndá", "pápá ìṣeré gbogbogbò" àti "ibi ìṣeré aláìyọnisílẹ̀". Mo ka àlàyé àwọn tí ó mú wọn wá, mo sì mọ rírì akitiyan wọn, ṣùgbọ́n "ojúde àjọṣeré" ni èmi fara mọ́.

Ohun tí a bá sọgbà yí ká ni ọgbà. Ó ní ẹni tí ó wà nínú, ó sì ní ẹni tí ó wà lóde. Àwọn ọmọ wa pàápàá mọ èyí, nítorí pé nínú eré tí wọ́n ti máa ń béèrè ẹni tí ó wà nínú ọgbà, ńṣe ni ọmọ kan ń jókòó sáàárín, tí àwọn yòókù di ọgbà yí i ká, tí ẹni tí ó wà lóde sì ń tọrọ àyè láti wò ó. Bí a bá tún wá fi "àwọn àkàndá" kún un, a ti sọ fún àwọn ọmọ yòókù pé ibẹ̀ kì í ṣe tiwọn, a sì ti sọ fún àkàndá pé ibẹ̀ nìkan ni tirẹ̀. Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà burú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju "aláàbọ̀ ara" lọ, nítorí pé "àbọ̀" ń sọ pé ẹni náà kò pé, bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa tí wọ́n ń pe abuké, arọ àti àfín ní ẹni òòṣà, tí wọ́n gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀, kò fojú àbọ̀ wò wọ́n. Ṣùgbọ́n ènìyàn ni "àkàndá" ń júwe, ibi ìṣeré ni àwa sì ń wá orúkọ fún.

"Pápá ìṣeré" ti ní iṣẹ́ tí ó ń ṣe nínú èdè wa. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ, bọ́ọ̀lù àti eré sísá ni ọkàn rẹ̀ yóò lọ bá. "Gbogbogbò" ní tirẹ̀ kò sọ ju pé a kò lé ẹnikẹ́ni. Ọjà jẹ́ ti gbogbogbò, síbẹ̀ gọ́tà tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lè dá ọmọ tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ padà sílé. Kí a má lé ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni. Kí a ṣe àyè sílẹ̀ fún un, ọ̀tọ̀ ni. Òfin àpapọ̀ Nàìjíríà tí ó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn àkàndá, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, mọ ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé kò dúró sórí kí a má ṣe ìyàsọ́tọ̀ nìkan: ó fún àwọn ilé ìlò gbogbogbò ní ọdún márùn-ún láti ṣe àtúnṣe tí àkàndá yóò fi lè wọlé, kí ó sì lò wọ́n. Àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti ọdún 2006 lórí ẹ̀tọ́ àwọn àkàndá tilẹ̀ dárúkọ eré ọmọdé gan-an ní abala 30, ó ní kí àwọn ọmọ tí ó jẹ́ àkàndá lè kópa nínú rẹ̀ bákan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ yòókù. Kíkópa ni wọ́n ń béèrè fún, kì í ṣe pé kí ọmọ náà kàn jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó máa wòran.

"Aláìyọnisílẹ̀" bá òfin gírámà mu, mi ò bá a jà lórí ìyẹn. Ohun tí mo rí sí i ni pé ohun tí ibẹ̀ kì í ṣe ni ó ń sọ fún wa, kò sọ ohun tí à ń ṣe níbẹ̀. Asọ̀rọ̀mágbèsì náà gùn, ṣùgbọ́n ó fìdí múlẹ̀ nítorí pé bí a ti ń pè é ni iṣẹ́ rédíò ń yọ sí wa lójú. Amóhùnmáwòrán náà rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti "àjọṣeré", ẹ jọ̀wọ́ ẹ wo "jọ" tí ó wà nínú rẹ̀ dáadáa. A kò lè sọ pé "Adé jọ ṣeré" kí a sì dákẹ́; ẹni tí ó bá gbọ́ yóò béèrè pé òun àti ta ni. "Adé àti Olú jọ ṣeré" ni gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ jẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbà kí ẹnì kan ṣoṣo dá ṣe é, kò sì gbà kí ọmọ kan máa ṣeré kí èkejì máa wò ó, nítorí pé ẹni tí ń wòran kò bá wọn jọ ṣe nǹkan kan. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó sún mọ́ èrò wa tó o. Ẹnì kan bẹ̀rù pé àwọn ènìyàn yóò máa gbọ́ "àjọ" bí àjọ elétò ìdìbò tàbí àjọ tí a ń dá. N kò rò bẹ́ẹ̀. A ń sọ àjọṣe, àjọgbé àti àjọpín lójoojúmọ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n rú lójú.

"Ojúde" ni ìta gbangba tí ó wà níwájú ilé tàbí ààfin, níbi tí àlejò àti onílé ti lẹ́tọ̀ọ́ láti dúró, níbẹ̀ náà ni àwọn ọmọ ti ń ṣeré òṣùpá. Ọ̀rẹ́ wa kan sọ pé ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú ni. Lóòótọ́ ni Ìjẹ̀bú-Òde sọ ọ́ di olókìkí nípasẹ̀ àjọ̀dún Ojúde Ọba tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn Iléyá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà yé ará Ọ̀yọ́ àti ará Ẹ̀gbá láìsí ògbufọ̀.

Àwọn kan fẹ́ kí a fi "ìṣẹ̀ǹbáyé" kún orúkọ náà kí àṣà ìbílẹ̀ lè hàn nínú rẹ̀. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí a ṣe é. Ohun tí a kó pa mọ́ fún wíwò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ní ìṣẹ̀ǹbáyé. Àjogúnbá ni eré jẹ́, lílò ni a sì ń lò ó. Inú eré fúnra rẹ̀ ni kí àṣà ti hàn. Ẹ wo ọpọ́n ayò: ihò 12 ni ó ní, ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí kò ríran lè fi ìka ka ohun tí ó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ta ayò náà yí ọpọ́n ká láìjẹ́ pé a yí ohunkóhun padà nínú òfin eré náà. Bí a bá sì gbé ọpọ́n náà sórí tábìlì tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo, tí ó ga níwọ̀n bíi sẹ̀ǹtímítà 70, orúnkún ọmọ tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ yóò wọ abẹ́ rẹ̀, òun àti ẹnìkejì rẹ̀ yóò sì wo ara wọn lójú ta ayò. Bákan náà ni ẹkùn mẹ́ran: agbo ni, ọwọ́ ni wọ́n fi ń di ara wọn mú, gbogbo agbo ni ó sì ń gbe "mẹ̀ẹ̀". Ọmọ tí kò gbọ́rọ̀ nìkan ni a ní láti wá nǹkan ṣe sí tirẹ̀, bóyá kí olórin máa fi ọwọ́ júwe bí ó ti ń dá orin. Ilẹ̀ tí agbo náà yóò dúró lé kò sì gbọdọ̀ jẹ́ yanrìn, nítorí pé táyà kẹ̀kẹ́ yóò rì sínú rẹ̀.

Lórí jangilọ́fà, n kò rí ìdí tí a fi ń wá ọ̀rọ̀ mìíràn. Òun ni àwọn ọmọ ń pè é.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kù tí ó yẹ kí a yanjú, ìyẹn ni ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ yóò fi gun ibi gíga. "Àtẹ̀gùn kẹ̀kẹ́" tí àwọn kan kọ kò lè rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ ni a fi ń tẹ àtẹ̀gùn, òun gan-an ni ó sì ń dí kẹ̀kẹ́ lọ́nà. "Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́" ni mo dá lábàá, kí a sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ tì í bí wọ́n ti ń lò ó ní Amẹ́ríkà: bí ibẹ̀ bá fi ẹsẹ̀ bàtà kan ga, kí ọ̀nà náà gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12, ó kéré tán. Bí àwọn bíríkìlà ìlú yín bá ti ní orúkọ fún un, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi ránṣẹ́, tiwọn ni kí a gbà.